Ìdérí Mẹ́rin Tí Mo Pààrọ̀ Lára DNA Mubarakah

Bí Ọ̀gbẹ́ni Ọdẹ́tọ́lá, tíṣà bàọ́lọ́jì wa, bá wúkọ́ ní Ẹ̀gbẹ́dá, adìyẹ tó wà ní ibùdókọ̀ Command á yé ẹyin láìtọ́jọ́. Òun ló dúró níwájú kíláàsì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

"Mubarakah, gbé tìẹ wá. Bí àṣìṣe kan bá wà níbẹ̀, o ti kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Bí mo ṣe bá bàbá rẹ ṣàdéhùn nìyẹn."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá fèrèsé tó ṣe é fò jáde.

Nọ́ọ̀sì ni Mubarakah fẹ́ ṣe. Nùrẹ́nì bàbá rẹ̀, tó ń jó irin ní Ṣáṣá, ti búra pé bó bá tún fìdí rẹmi, iṣẹ́ télọ̀ ló ń lọ kọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Mubarakah fi fi wáyà àti ìdérí ìgò mínírà ṣe DNA, ohun inú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé àbùdá òbí fún ọmọ: àkàsọ̀ gígùn tí wọ́n lọ́ bí okùn. Pupa ni A, yẹ́lò ni T, gíríìnì ni G, búlúù ni C. A kì í fẹ́ ẹlòmíì àfi T, G kì í fẹ́ ẹlòmíì àfi C. Òfin yẹn le ju ti lánlọ́ọ̀dù wa lọ.

Èmi Káyọ̀dé, aláwàdà àgbáyé, ìgbà tí Mubarakah lọ kírun ọ̀sán ni mo yọ ìdérí mẹ́rin lápá ọ̀tún, mo pààrọ̀ wọn. Mo ní tí a bá rẹ́rìn-ín tán, màá dá a padà. Àfi bí Tíṣà ṣe tètè wọlé.

Mubarakah gbé e wá, Tíṣà na ìka sí i. "Pupa pẹ̀lú búlúù? Ìgbà wo ni A bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ C?"

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ èèrà lórí ògiri.

"Sà, bí mo ṣe ṣe é kọ́ nìyí o." Mubarakah tẹjú mọ́ ọn.

"Ta ló wá ṣe é? Ànjọ̀nú?"

Ó ṣí ìwé máàkì, ó mú bírò pupa. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ẹgba ni. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ ni fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ni mo bá fò dìde. "Nǹkan kan ò ṣe apá òsì! Mubarakah, apá òsì! Tú u!"

"Jókòó, ọ̀dọ̀yọ̀!" Tíṣà ké.

Mubarakah ti gbọ́ ṣá. Ó ya àkàsọ̀ náà láàárín bí ẹni ṣí síìpù aṣọ, ó ju apá ọ̀tún sílẹ̀.

"Sà, bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì, báyìí ni DNA ṣe ń ya. Apá kan tó bá kù, òun ló máa sọ ẹni tó yẹ kó dúró tì í."

Ó kó wáyà àti ìdérí tó ṣẹ́kù nínú báàgì rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó. Pupa wá yẹ́lò. Gíríìnì wá búlúù. Ọ̀kan já bọ́, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó fi í síbẹ̀.

Tíṣà yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún yẹ̀ ẹ́ wò láti ìsàlẹ̀ dé òkè.

"O dúró ní sáyẹ́ǹsì."

Kí ariwo wa tó rọlẹ̀, ó ti kọjú sí mi. "Káyọ̀dé, báwo lo ṣe mọ̀ pé nǹkan kan ò ṣe apá òsì?"

Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kó tó parí ìbéèrè.

"Gbé apá ọ̀tún tó o bàjẹ́ yẹn. Wá èkejì tó bá a mu fún un, lójú gbogbo ayé."

Mo ń tò ó lórí ìkúnlẹ̀. Mubarakah wá bẹ̀rẹ̀ létí mi.

"Àṣìṣe rẹ náà lò ń dà kọ yẹn o. Tò ó lọ, jàre."