Àgádágodo Orí Àkàbà

"Kí lo fọwọ́ kàn yẹn?"

"Ẹ̀rọ tó ń fa omi òkun wọlé, Bàbá."

"Ìkíní àbí ìkejì?"

Rizalyn fi àtẹ́lẹwọ́ yí ara irin náà ká. Ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú tí bàbá rẹ̀ ti fi aṣọ ìnura dì í lójú, òógùn sì ti mú kí aṣọ náà rin gbindin. "Ìkejì ni. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ti yọ."

"Ó dáa. Iná ti sọ. Jáde."

Iná kò sọ. Ṣùgbọ́n Crisanto, bàbá rẹ̀, ti dáná sí èèpo àgbọn nínú agolo mẹ́ta, èéfín rẹ̀ sì ti kún inú àgọ́ páànù tí ó ti ń tún ẹ́ńjìnnì àwọn apẹja ṣe létí òkun ní ìlú Rosario. Oṣù méjì gbáko ni ó fi ń to àgbá, pákó àti òkú ẹ́ńjìnnì síbẹ̀, títí inú àgọ́ náà fi rí bí yàrá ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ òkun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ń lọ di ọmọ ogun ojú omi, ẹ̀ka àwọn tí ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ni ó sì yàn. Àràárọ̀ ni ó ń sáré lórí iyanrìn, tí ó sì ń lúwẹ̀ẹ́ tòun taṣọ tòun ti bàtà. Àárọ̀ ọ̀la ni bọ́ọ̀sì yóò gbé e lọ sí ibùdó. Ìwé kan ṣoṣo ni ó kù, ìwé ẹ̀rí ìwà láti ọwọ́ olórí àdúgbò. Bí kò bá rí i gbà lónìí, ààyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rákò. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàlélógún ni ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ: yóò yí ẹ́ńjìnnì ká, yóò gba abẹ́ páìpù, yóò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àgbá epo, kí ó tó kan ilẹ̀kùn ńlá. Ṣùgbọ́n ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kà sọ pé yàrá ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà àsálà kejì, àkàbà tóóró kan tí ó gòkè tààrà lọ bá ihò kan lórí. Crisanto fúnra rẹ̀ kan irú àkàbà bẹ́ẹ̀ sí igun àgọ́, ó sì fi pákó ṣe ìdérí sí ihò orí òrùlé. Síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ gba ibẹ̀ rí.

Lónìí, Rizalyn gba ibẹ̀. Ìṣísẹ̀ márùn-ún péré. Ó gun àkàbà dé òkè, ó fi èjìká ti ìdérí. Kò mì. Ó tún tì í. Irin kan dún wọnran lókè.

"Bàbá!"

Kò sí ìdáhùn. Èéfín kì í dúró nísàlẹ̀. Òkè ni ó ń lọ, òkè náà ni òun wà. Ó fi ìkúùkù lu pákó náà lẹ́ẹ̀meje kí ó tó já bọ́ láti orí àkàbà, tí ó sì fi àyà wọ́ gba ọ̀nà gígùn jáde.

Ó tú aṣọ kúrò lójú, ó sì bá bàbá rẹ̀ ní ìjókòó lórí iyanrìn, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo etí.

"Bàbá, ẹ fẹ́ẹ̀ pa mí! Ta ló fi àgádágodo síbẹ̀ yẹn?"

"Èmi ni. Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe ń rí."

"Mo pè yín, ẹ ò dáhùn!"

"Lẹ́ẹ̀meje," ni Crisanto wí. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára òkun. "Bí Damaso náà ṣe kàn án nìyẹn. Lẹ́ẹ̀meje, ló bá dákẹ́."

Gbogbo Rosario ni ó mọ ìtàn Damaso. Ó ku ọdún kan kí wọ́n bí Rizalyn nígbà tí Damaso àti Crisanto jọ ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun kan tí ń kó sìmẹ́ǹtì. Iná sọ. Wọ́n ní Damaso mutí yó, ó sùn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ọ̀nà àsálà sì ṣí sílẹ̀ gbayawu lórí rẹ̀. Títí dòní, ọmọ tó bá sùn ní kíláàsì, "Damaso" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Ṣebí ó mutí ni," ni Rizalyn wí jẹ́ẹ́.

"Kọfí ló mu. Èmi ni mo pò ó fún un."

"Ọ̀nà àsálà yẹn wá ńkọ́?"

"Wọ́n ń jí epo. Ọ̀gá ẹ́ńjìnnì bá fi àgádágodo sí ìdérí, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì lọ jẹun létíkun. Mo fi òòlù lu àgádágodo yẹn títí ọwọ́ mi fi bó." Ó na ọwọ́ náà síwájú bí ẹni pé egbò ṣì wà níbẹ̀. "Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó lọkọ̀ gbé ìwé wá. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i pé ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, pé Damaso yó. Bí n ò bá fọwọ́ sí i, wọ́n á ní èmi ni mo dá iná sílẹ̀."

"Ẹ sì fọwọ́ sí i."

"Mo fọwọ́ sí i."

Epo ni wọ́n fi àgádágodo ṣọ́, ènìyàn ni ó jóná. Òkú náà ni wọ́n sì tún dá lẹ́bi, nítorí pé òkú kì í rojọ́. Opó rẹ̀, Felisa, ni olórí àdúgbò báyìí, ẹni tí wọ́n ń pè ní Kapitana. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé Rizalyn wà.

"Má sọ fún un," ni Crisanto bẹ̀ ẹ́. "Gba ìwé rẹ, kí o máa lọ. Ibi gbogbo ni olè wà, ọmọ mi. Níbi tí olè bá sì wà, ẹnìkan á ra àgádágodo. Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyẹn. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rizalyn bọ́jú, ó wọ ẹ̀wù mìíràn, ó sì gba ọ̀nà ọ́fíìsì àdúgbò lọ.

Bí ó ti wọ ọ́fíìsì àdúgbò ni Kapitana Felisa bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ta ló gé irun yìí fún ẹ? Eku ni?"

"Èmi fúnra mi ni mo gé e, Kapitana."

"Ó hàn. Bí ọ̀tá bá rí ẹ, á sá kí o tó yìnbọn. Jókòó." Ó ti àwo ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín sí i. "Jẹun. Kí ló ń rùn lára ẹ yìí? Àbí Crisanto ti ń yan ọmọ bí ẹni yan ẹja ni?"

Rizalyn kò lè rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà fa ìwé sọ́dọ̀, ó ń kọ orúkọ, ó ń kọ ọjọ́ orí, ó kọ ọ́ pé ọmọ dáadáa ni, láti ilé dáadáa.

"Ìmọ̀ràn kan ni mo ní. Má fẹnu kan ọtí nínú ọkọ̀. O mọ ohun tí ọtí fi ọkọ mi ṣe." Ó sọ ọ́ láìsí omijé, bí àdúrà tí ó ti mọ́ ọn lẹ́nu. "Nílé níbí, kì í mu ún lójú mi. Ó ń lọ mu ún níbi iṣẹ́. Ẹni tí mo rò pé mo mọ̀! Lọ́jọ́ àwọn òkú, gbogbo ayé á lọ tan àbẹ́là sí sàréè ẹni wọn. N ò tan ẹyọ kan fún un rí. Mo ṣì ń bínú sí i."

Ó fọwọ́ sí ìwé náà. Ó gbé òǹtẹ̀ sókè.

"Kapitana, ẹ dúró ná."

"Kí ló tún kù?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá mi. Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó ti bá yín sọ."

"Ẹsẹ̀ ń dùn ún ni, tí kò lè rìn wá?"

"Ogún ọdún ni kò ti lè rìn wá." "Ẹ mú òǹtẹ̀ náà dání. Tí ẹ bá gbọ́ ọ tán, tí ẹ ṣì fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ẹ̀rín kúrò lójú Kapitana. Ó ju òǹtẹ̀ sínú báàgì, ó sì dìde. Wọ́n jọ rìn lọ sí etí òkun.

Ilẹ̀kùn àgọ́ wà ní títì. Láti inú ni wọ́n ti tì í; Rizalyn kò rí i ní títì lọ́sàn-án rí. Èéfín èèpo àgbọn ṣì ń yọ láàárín páànù. Ó la ẹnu láti pe bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Kapitana ti nawọ́ kan ilẹ̀kùn.

Kò sí ìdáhùn. Ó tún kàn án. Rizalyn ń kà á nínú: mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.

Mẹ́fà.

Kí Kapitana tó kan ìkeje, wọ́n gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo láti inú lọ́hùn-ún, tí ó ń ṣí i.