Omi Ejìnrìn Ìbíwùnmí

Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ìbíwùnmí, ọkọ rẹ̀ Bádéjọ kò jẹ́ kí ejìnrìn hù lára ọgbà ilé wọn ní Ifọ̀ mọ́. Bó bá ti rí i tó ń fà bọ̀ lára wáyà, á fà á tu, á sọ ọ́ sẹ́yìn odi. Kì í fi ìbínú ṣe é. Ọkùnrin tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ já tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ ojú irin kì í ṣe ẹni tí í fi ìbínú hàn. Á kàn fà á tu bí ẹni tó ń yọ fọ́nrán òwú lára aṣọ, á sì wọlé lọ jókòó.

"Ejìnrìn ló pa á." Ohun tí gbogbo ẹbí ń sọ nìyẹn. Ẹni tó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ ni Àjíbíkẹ́, ẹ̀gbọ́n olóògbé, tó ń ta símẹ́ńtì ní Ìbàfò. Kò fi mọ síbẹ̀. Ó ní ta ló mú ọ̀rọ̀ ejìnrìn wọlé? Monísọ́lá ni. Ọmọ tí wọ́n rán lọ sí yunifásítì, tó lọ di ẹni tó ń gún ewé.

Monísọ́lá nìkan ni ọmọ tí Bádéjọ àti Ìbíwùnmí bí. Ó ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan lẹ́yìn Mòwé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa yẹ àwọn ewé tí àgbà ń lò sí àtọ̀gbẹ wò, kó mọ ohun tó wà nínú wọn àti bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́. Àtọ̀gbẹ ti ń bá ìyá rẹ̀ fínra tipẹ́. Bóyá ohun tó jẹ́ kó yan iṣẹ́ náà nìyẹn. Nígbà kan tó wálé, tó ní nínú gbogbo ewé tí òun dán wò, ejìnrìn ló ta yọ, inú Ìbíwùnmí dùn bí ẹni pé wọ́n fi í joyè.

"Mọ́mì, inú ìgò ni mo ti rí i o," Monísọ́lá wí. "A ò tíì dán an wò lára ènìyàn. Ẹ má lọ máa mu ún."

Ìbíwùnmí rẹ́rìn-ín. "Ṣé ìgò ló bí ẹ ni? Ìyá tó bí mi mu ejìnrìn, ìyá tó bí òun náà mu ún. Ìgbà tí ọmọ tèmi wá rí ìdí rẹ̀ ni kí n wá pa á tì?"

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láràárọ̀, á já ewé náà lára wáyà, á fi ọwọ́ gbo ó sínú omi títí omi náà á fi ki, á sì fi gbé oògùn òyìnbó tí wọ́n fún un ní ọsibítù mì. Kò sọ fún ọmọ rẹ̀. Bádéjọ rí i, kò wí nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, oògùn méjì sàn ju ẹyọ kan lọ.

Lọ́jọ́ tó kú, ààwẹ̀ ìjọ ló ń gbà. Ó ti lo oògùn rẹ̀, ó ti mu omi ejìnrìn rẹ̀, oúnjẹ nìkan ni kò jẹ. Ó ń gbálẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Òógùn bò ó, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Bádéjọ mọ ohun tó yẹ kí òun ṣe, nọ́ọ̀sì kan ti kọ́ ọ: bí ṣúgà ara wọn bá já wálẹ̀, ẹ tètè fún wọn ní ṣúgà mu. Ó po ṣúgà sínú omi, ó pò ó dáadáa, ó gbé e sí i lẹ́nu. Ìbíwùnmí mu ún tán. Ó tilẹ̀ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu.

"Ọ̀gá Réluwéè," ó wí, ohùn rẹ̀ ti ń wọ́, "ẹ ti ba ààwẹ̀ mi jẹ́."

"Ọlọ́run á gbójú fò ó," ọkọ rẹ̀ fèsì.

Ó fa àga, ó jókòó tì í, ó ń retí kí ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ṣúgà ti wọ ikùn, kí ló tún kù? Nígbà tó fi máa yé e pé kò yá, tó sáré jáde lọ dá ọkọ̀ dúró, obìnrin náà kò mọ ẹni tó ń pe òun mọ́. Kò dé ọsibítù láàyè.

Nígbà tí ìsìn ìrántí rẹ̀ ń sún mọ́, Àjíbíkẹ́ pe Bádéjọ lórí fóònù. Ilé tirẹ̀ ní Ìbàfò ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, nítorí ibẹ̀ ló fẹ̀.

"Bàbá Monísọ́lá, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ọmọ yẹn bá fi ẹsẹ̀ kan ilé mi lọ́jọ́ náà, màá jáde fún un. Kó wá jókòó síwájú fọ́tò ẹni tó pa? Ẹ sọ fún un o. Bí ẹ ò bá lè sọ ọ́, kí n bá yín sọ ọ́. Ẹ sì mọ ẹnu mi."

"Mo mọ̀ ọ́n," Bádéjọ wí. "Màá sọ fún un."

Ìdí tó fi gbéra nìyẹn. Ó gba Àgbàdo jáde sí Èkó, ó wọ ọkọ̀ mìíràn lójú ọ̀nà márosẹ̀, ó kọjá Ìbàfò láì yà, ó sì bọ́ sílẹ̀ ní Mòwé. Ọlọ́kadà ló gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ní gbogbo ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń tò lẹ́nu: má wá. Láti ọjọ́ ìsìnkú, òun àti ọmọ rẹ̀ kò tíì sọ ju "ṣé ẹ ti jẹun" àti "ṣé iná wà" lọ.

Ọmọ náà nìkan ló bá nínú láàbù. Monísọ́lá kúnlẹ̀ kí i nínú aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, kò tíì kí i tán tí ojú Bádéjọ fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ewé ejìnrìn ni wọ́n sá sórí pépà níbẹ̀, ó lọ bẹẹrẹ.

"O ṣì ń ṣe é?"

"Mo ṣì ń ṣe é, sà."

"Ewé tó pa ìyá rẹ."

Monísọ́lá dìde. Ó ti rù. Kò sunkún, ọmọ bàbá rẹ̀ ni. "Ẹ jókòó, Dádì."

"Mi ò wá jókòó." Ṣùgbọ́n ìrìn náà ti rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó. "Fi hàn mí. Mo fẹ́ rí ohun tó ṣe sí i."

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tó fẹ́ kọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó bu omi sítáàṣì tó dà bí omi ògì sínú wọn, ó sì kán ayodíìnì sí i. Omi náà dúdú bí aró. Bádéjọ mi orí. Wọ́n ti fi èyí hàn án ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ti pẹ́.

"Nǹkan kan wà nínú itọ́ wa àti nínú ìfun wa," Monísọ́lá wí. "Òun ló ń gé oúnjẹ sí wẹ́wẹ́ kó tó lè wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ kà á sí ọ̀bẹ. Mo fi ọ̀bẹ náà sínú ìgò yìí." Wọ́n ń wò ó. Dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí, ó pọ́n, lẹ́yìn náà ó mọ́ gaara. "Ó ti gé e tán. Ìgò kejì yìí, omi ejìnrìn ni mo máa kọ́kọ́ dà sí i, kí n tó fi ọ̀bẹ kan náà sí i."

Wọ́n dúró. Dúdú náà kò ṣí.

"Ejìnrìn ti di ọ̀bẹ lọ́wọ́ mú. Oúnjẹ wà níbẹ̀, kò rí ẹni gé e. Ìdí tí ṣúgà kì í fi í sáré gòkè lára ẹni tó bá mu ún nìyẹn."

Ó tún ní ewé náà ní agbára mìíràn, pé ó ń dáàbò bo ẹran ara, bí ọ̀dà ṣe ń dáàbò bo irin lọ́wọ́ ìpáàrà, àti pé irú ọ̀rọ̀ báyìí yé òṣìṣẹ́ réluwéè. Ó ń sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó fẹ́ tètè kọjá ibì kan. Bádéjọ kò bá a lọ. Ojú rẹ̀ wà lára ìgò dúdú náà.

"Ṣúgà ńkọ́?"

"Sà?"

"Ṣúgà tí à ń fi sínú tíì. Ṣé òun náà nílò ọ̀bẹ?"

Monísọ́lá kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń nu tábìlì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Dádì, ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

"Ṣé ó nílò ọ̀bẹ?"

"Ó nílò rẹ̀, sà." Agbára káká ni Bádéjọ fi gbọ́ ọ. "Ṣúgà méjì ló so mọ́ra wọn nínú rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé wọn níyà kí wọ́n tó wọ ẹ̀jẹ̀. Ejìnrìn ń di ọ̀bẹ yẹn náà mú. Glúkóòsì inú páálí ni kò nílò gígé."

Bádéjọ mọ glúkóòsì. Ó wà lórí pẹpẹ ní ṣọ́ọ̀bù Ròkíátù, ní òdìkejì ọ̀nà ilé rẹ̀ gan-an. Àwọn ọmọdé máa ń rà á lá. Ó rí ara rẹ̀ lórí àga lọ́jọ́ náà, tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń retí.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?"

"Ọjọ́ tí ẹ ròyìn rẹ̀ fún mi. Ibi tí ẹ ti ní Mọ́mì mu ṣúgà náà tán."

"O sì jẹ́ kí wọ́n máa pè ọ́ ní apànìyàn."

"Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ ejìnrìn wálé, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ẹ̀yin, ohun tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ ṣe lẹ ṣe. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi, Dádì. Ọrùn tèmi ṣì le."

Bádéjọ wo ọrùn náà. Ó tín-ín-rín, ti ìyá rẹ̀ ni.

"Bọ́ aṣọ yẹn," ó wí. "À ń lọ sí Ìbàfò."

Àjíbíkẹ́ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ń bá oníbàárà kan jà lórí àpò símẹ́ńtì tó ti dì. Bó ti rí wọn, ó gbàgbé oníbàárà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá Monísọ́lá! Mo ní kí ẹ lọ lé e, ẹ wá fà á lọ́wọ́ wá bá mi. Ṣé ẹ fẹ́ kó gbo ejìnrìn fún èmi náà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n wọlé."

Wọ́n wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Monísọ́lá dúró síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àpò, kò sẹ́ni tó ní kó jókòó. Bádéjọ ṣàlàyé ohun gbogbo: ejìnrìn, oògùn, ààwẹ̀, ṣúgà tí òun fi ọwọ́ ara òun pò, àga tí òun jókòó lé. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan gbèjà ara rẹ̀. Àjíbíkẹ́ gbá àyà mú.

"Hàà! Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ta ló máa mọ̀ pé ṣúgà ò ní ṣiṣẹ́? Ọjọ́ rẹ̀ ló pé. Ire lẹ ní lọ́kàn, Ọlọ́run sì rí yín. Ẹ má gbé e sọ́kàn rárá." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ti lé ròrò sí i lójú.

Bádéjọ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

"Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ fún mi yẹn, kò ṣòro fún yín láti sọ."

"Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, kí ló máa ṣòro níbẹ̀?"

"Ẹ lọ sọ ọ́ fún un."

Àjíbíkẹ́ wo ìta. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà, Monísọ́lá ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Àjíbíkẹ́ dúró lé e lórí, ọ̀rọ̀ tó yá a lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kò jáde.

"Dìde," ó wí nígbà tó yá. "Símẹ́ńtì á ba aṣọ rẹ jẹ́." Ó gbé ojú sápá kan. "Ìwọ lo máa gbé fọ́tò ìyá rẹ. Ta ló tún máa gbé e?"

Bádéjọ dúró díẹ̀ bóyá á fi kún un, kò fi kún un. Ó jáde, ó kí ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ pé ó dàbọ̀, ó sì kọjú sí títì.

Monísọ́lá tẹ̀ lé e. "Ṣé kí n padà sí Mòwé ni, sà?"

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Mòwé?" Bádéjọ wí, kò bojú wẹ̀yìn. "Àwa méjì náà ló kù. Jẹ́ ká máa lọ sílé."