Ògiri Yàrá Ládi

Ní ọdún tí rélùwéè kọ́kọ́ wọ Ìlọrin, ilẹ̀ẹ́gbóná wọ agboolé Ádámù lẹ́yìn ọjà Ìpàta, Ládi ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún márùn-ún ló sì mú. Ìyá Ádámù, tí àrùn náà ti bá jà rí, tí àpá rẹ̀ ṣì wà lójú, gbé ọmọ náà wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá ti ṣe é rí kì í ṣe é mọ́. Salimat, ìyá ọmọ, kò ṣe é rí, ó sì ń tọ́ ọmọ ọwọ́.

Ọyẹ́ ti la ògiri tó wà láàárín yàrá náà àti yàrá Salimat. Ibẹ̀ ni Ládi ń gbà wo ìyá rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́.

"Dí ibẹ̀," Ádámù wí. "Afẹ́fẹ́ yàrá yẹn ń fẹ́ sí ọmọ ọwọ́."

"Bàbá Ládi, ibẹ̀ nìkan ló ti ń rí mi."

"Ṣé méjèèjì lo fẹ́ sin?"

Irú ìbéèrè wo ni wọ́n ń bi abiyamọ báyìí.

Salimat po amọ̀ mọ́ koríko gígé. Ó wọ́n omi sí ẹnu ibi tó là kí amọ̀ lè mú, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ wọlé. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó pẹ́ ju kí ọbẹ̀ hó lọ, àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n pe ìrun aláásàrí, kò tíì parí.

"Ìyá," Ládi wí, "ilẹ̀ ti ń ṣú níbí."

"Mo gbọ́, ọmọ mi. Bí ara rẹ bá ti yá, èmi fúnra mi ni n óò là á padà."

Ó ku ihò tí kò ju ẹyinjú kan lọ, ẹyinjú Ládi ló sì wà níbẹ̀. Salimat fi amọ̀ bò ó, ó rẹ́ ẹ dán, ó sì sunkún títí ọmú fi ń ro ó.

Ọmọ ò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ṣùgbọ́n Ládi kò kú, àrùn náà kò sì kan ọmọ ọwọ́. Lọ́jọ́ kejìlélógójì, Ádámù ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Salimat ní rárá, òun ti ṣe ìlérí. Ó mú ọkọ́, ó fọ́ amọ̀ náà títí ihò fi gba orí ènìyàn. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bọ́ sí Ládi lára. Àpá ti bo ọmọ náà, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń jẹ mààsà. Inú Salimat dùn.

"Ládi, wò mí."

Ọmọ náà yíjú sọ́tùn-ún, ó yí i sósì.

"Ìyá, ìgbà wo lẹ fẹ́ là á?"

Ìyá àgbà fa ọmọ náà mọ́ra. "Láti ọjọ́ kẹsàn-án ni kò ti ríran mọ́," ó wí. "N kò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún ọ."

Salimat tún gbé ọkọ́ sókè, ó ń gbẹ́ ògiri náà lọ. Ádámù ló gba ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.