Irú Tí Mò Ń Ṣí Wò

Odò tí a ti ń fọ irúgbá ni mo rí tó ń ṣàn gba inú ilé ìdáná wa kọjá. Omi náà mọ́ gaara, iná ààrò kò sì kú. Ìyá mi tí a sin nígbà ọyẹ́ jókòó létí rẹ̀, ó ká ìró dé orúnkún, ó ń fọ èèpo kúrò lára irúgbá tí a ti sè.

Ọ̀tunla ni agbo ilé yóò péjọ sábẹ́ igi irúgbá láti jẹ ọbẹ̀ irú tuntun, bí a ti ń ṣe lọ́dọọdún. Ìyá mi ló máa ń ṣe irú náà, ó wá kàn mí. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe bàjẹ́, èyí tí mo tún ṣe bàjẹ́, ó wá ku apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tí mo bò sídìí ààrò. Baálé ti ní bí kò bá sí irú lọ́tẹ̀ yìí, kí wọ́n fi màgí sebẹ̀, kí wọ́n sì gé igi náà fún àwọn eléèédú. Igi tí a kò jẹ lára rẹ̀ mọ́, kí ló ń ṣe lójúde?

"Màámi, ẹ gbà mí. Irú mi kì í di irú. Ṣe ló ń tutù, tó ń ṣomi."

Ó rẹ́rìn-ín. "Àwẹ̀ró, ìwọ tí o máa ń ṣa irú jẹ nínú ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀melòó lo ń ṣí i wò lóòjọ́?"

Mò ń ṣí i láàárọ̀, mò ń ṣí i lọ́sàn-án, bí oorun bá dá lójú mi, mo tún ṣí i. Ẹ̀rù kì í jẹ́ kí n jókòó.

Ó da irúgbá sápẹ̀rẹ̀, ó fi ewé bò ó, ó fi àpò lé e, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ yíká, bó ti máa ń fi aṣọ bò wá nígbà òtútù. "Ooru ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di irú. Bí o bá ti ṣí i, ooru lọ nìyẹn. Fi í sílẹ̀."

"Bó bá tún bàjẹ́ ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀, ọmọ mi."

Mo di ìró rẹ̀ mú. "Ẹ má lọ, ẹ bá mi ṣọ́ ọ." Omi lásán ló kù lọ́wọ́ mi.

Mo jí lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ojú mi rin fún ẹkún. Ọwọ́ mi ti gbé etí àpò náà sókè, ooru díẹ̀ sì ń fẹ́ sí mi níka. Mo yára dá a padà. Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ fún Ìyá Fọláwiyọ́, aládùúgbò wa.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bí mo bá tilẹ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ yín, ẹ má fún mi títí di ọ̀tunla."