Erin Olórí Méjì

"Mo ní etí ife yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí fèrèsé!"

"Ta ló bá fèrèsé ṣàdéhùn, Bọ̀ọ̀dá? Ife lásán-làsàn ni."

"Ìwọ ọmọ yìí, mo ti ní kó o má yí ife mi sódì mọ́. Tí mo bá nawọ́ sí i láàárọ̀, ara ife gbígbóná lọwọ́ mi ń bà, kì í ba etí ẹ̀."

"Èmi náà ńkọ́? Tí ẹ bá ti yí i padà, èmi ni mò ń jóná."

"Ife ta ni?"

"Ife wa."

"Ife wa kẹ̀! Ta ló rà á?"

"Nígbà tí ẹ ń rà á, ẹ ò rí olétí méjì rà?"

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ yẹn nìyẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, nínú ṣọ́ọ̀bù wa. Iṣẹ́ ọ̀dà là ń ṣe, à ń kun pátákó àti ògiri fáwọn èèyàn. Tíì inú ife náà tutù, kò sẹ́ni tó mu ún. A gbé àkàbà, a gbé ọ̀dà, a forí lé ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ etí ife yẹn dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ. Ọwọ́ òsì ni mò ń lò, ẹni tó ń lo ọ̀tún ò lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti yí etí gbogbo nǹkan ayé yìí sọ́dọ̀ ara wọn kí wọ́n tó bí mi. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀, sísọ́ọ̀sì ń jẹ aṣọ lọ́wọ́ mi bí eku, ọ̀gá ní kí n máa lọ. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe búlọ́ọ̀kù, apá ọ̀tún ni wọ́n fi irin tí wọ́n ń fà sí, díẹ̀ ló kù kó gba ìka mi. Nílé ìwé, tíṣà so ọwọ́ náà mọ́ àga, mo bá fẹsẹ̀ kọ̀wé. Irọ́ ni, mi ò fẹsẹ̀ kọ ọ́. Mi ò kọ nǹkan kan rárá, bí mo ṣe kúrò nílé ìwé nìyẹn. Wọ́n á tún ní a kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni. Mo fi júwe ẹ̀ fún àlejò kan rí, àlejò débẹ̀, kò ṣìnà, síbẹ̀ ìgbájú ni mo gbà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nìkan lọwọ́ yìí ti rójú. Tí ògiri bá gùn, òun á bẹ̀rẹ̀ lápá òsì, èmi á bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún, a ó máa kùn ún bọ̀ títí a ó fi pàdé láàárín. Kò sẹ́ni tí ọwọ́ ẹ̀ á máa nu ọ̀dà tútù. Àwọn èèyàn a máa dúró wò wá bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Tí búrọ́ọ̀ṣì bá ti kan búrọ́ọ̀ṣì, Bọ̀ọ̀dá á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á bú sẹ́rìn-ín. Mo kàn ń sọ fún yín ni, inú mi máa ń dùn nígbà yẹn débi pé mo lè gbé àkàbà jó. Kò sì fìgbà kankan dá ọwọ́ mi lẹ́bi rí. Òun nìkan láyé.

Ó ti ní tí iṣẹ́ ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tá a ń lọ ṣe lọ́jọ́ yẹn bá yọrí, òun á kọ orúkọ mi mọ́ tòun sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Tí kò bá yọrí, ìyàwó ẹ̀ ní àbúrò kan tó ń wáṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni tiẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tó dáńgájíá. Gbogbo ìgbà tí mo bá gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn wọlé ni mò ń wo ibi tí orúkọ mi máa wà.

Erin ni ọ̀gá ilé ìwé ní òun fẹ́, erin ńlá, lára ògiri tó wà létí pápá. Bọ̀ọ̀dá ni obìnrin náà ṣàlàyé fún lọ́jọ́ tó ṣáájú, èmi ń po ọ̀dà níta. Láàárọ̀ ló yẹ kó sọ fún mi. Láàárọ̀ yẹn la wá jà. Èmi ò sì ní bi í. Ṣé èmi ni kí n kọ́kọ́ lanu ni, lẹ́yìn gbogbo ohun tó sọ?

Nígbà tá a dé ìdí ògiri, ó lọ sápá tiẹ̀, mo lọ sápá tèmi. Mi ò wojú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí Ọlọ́run ṣe dá wa fún yín: ohunkóhun tó bá lójú tí mo bá yà, ẹja ni o, adìyẹ ni o, ọ̀tún ló máa kọjú sí. Ti Bọ̀ọ̀dá, òsì ni. Mo ya orí. Mo ya etí, ó fẹ̀ bí agbòòrùn. Mo ya ojú kan, ojú yẹn dáa débi pé ó ń wò mí padà. Mo wá ń kun ara ẹ̀ bọ̀, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, títí búrọ́ọ̀ṣì mi fi kan búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀gbọ́n mi.

Ìgbà yẹn la tó gbójú sókè.

Erin náà ní orí lápá ibí, ó ní orí lápá ọ̀hún. Kò nírù. Kò nídìí.

Àwọn ọmọ ti tú jáde sí pápá. Wọ́n ń pariwo, wọ́n ń fò sókè. Ọmọbìnrin kékeré kan ní, "Àǹtí, ibo ló máa ń gbà yàgbẹ́?" Mo rí i tí ẹnu Bọ̀ọ̀dá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Mo rí i dáadáa. Ọ̀gá ilé ìwé ló já lù wá.

"Wọ́n ní bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin," ni obìnrin náà wí. "Kí ni kí n wá sọ pé mo rí báyìí?"

"Ẹ má bínú, mà," ni Bọ̀ọ̀dá wí.

"Ṣé mi ò sọ fún yín pé kíláàsì ni kó kọjú sí?"

"Ẹ sọ ọ́, mà."

"Wọn ò sọ fún mi," ni mo wí.

"O bi mí ni?"

"Tèmi ló sì dáa jù! Tèmi kọjú sí géètì, ó ń kí àlejò. Tiyín kọjú sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀!"

"Kíláàsì ló wà níbẹ̀!"

"Lẹ́yìn kíláàsì ńkọ́? Kí ló wà níbẹ̀?"

"Ọmọkùnrin yìí," ni ọ̀gá ilé ìwé wí, "mi ò fẹ́ káwọn ọmọ mi máa tẹ̀lé erin jáde sí títì."

Bọ̀ọ̀dá ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó tẹrí ba. "Ẹ má bínú, mà. Àbúrò mi ni. Ọwọ́ òsì ló ń lò, òun ló fà á. Màá pa tiẹ̀ rẹ́ báyìí. Lọ́la màá mú ẹni tó ń lo ọ̀tún wá."

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà téèyàn ń sọ àìsàn ọmọ ẹ̀ fún dókítà. Ó wá ki búrọ́ọ̀ṣì ńlá bọ ọ̀dà funfun. Etí ló kọ́kọ́ lọ. Ó pa imú gígùn náà rẹ́. Ó ku ojú yẹn nìkan lápá tèmi, ó ń wò mí. Àwọn ọmọ ń ké pé, "Ẹ má pa á!" Ó pa á.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ ò sọ fún mi o."

"Máa lọ sílé."

"Ilé wo?"

Inú ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń kun funfun lórí funfun níbi tí kò ti sí nǹkan mọ́.

Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, tiẹ̀ ni. Mo gba géètì jáde, ọ̀dà ò tíì gbẹ lọ́wọ́ mi, mi ò mọ apá ibi tí mo máa yà sí. Mo kàn ń sọ ọ́ lọ lójú títì, fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́: etí tèmi tóbi ju tiẹ̀ lọ. Èmi ni mo kọ́kọ́ parí orí. Mo sì bi í pé ilé wo, kò rí nǹkan sọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dákẹ́ nínú ìjà, òun ni wọ́n borí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni.