Ilẹ̀kùn Imú Bàlúù

Imú bàlúù náà tún wọ omi. Mutolib gbọ́wọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà, ó ń wo bí ìrù rẹ̀ ṣe ń gbéra sókè, bí ìyẹ́ òsì ṣe ń yí wọnú ọ̀sà, títí ojú omi fi padà pa dé. Bákan náà ló ṣe lánàá. Bákan náà ló ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá, nígbàkígbà tí Mutolib bá ti fi ilẹ̀kùn imú rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ìkọ́ kọ́ ọ.

Ilẹ̀ ti mọ́ ní Ìkòsí. Àwọn ọkọ̀ àjàgbé tó kó tòmátì wá láti òkè Ọya ń fọn fèrè lọ sí Mile 12. Kò tilẹ̀ gbọ́ wọn.

Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ bàlúù ojú omi yìí sínú kọ̀ǹpútà, irú èyí tó máa ń balẹ̀ sórí ọ̀sà láyé àwọn òyìnbó, tó ní ìdí bí ọkọ̀ ojú omi, tó sì ní ìyẹ́ bí ẹyẹ. Irin lórí irin, ìṣó lẹ́yìn ìṣó, ó tò ó bí ẹni ń to ilé, débi pé ẹni tó bá jókòó ti ọ̀pá ìtọ́kọ̀ rẹ̀ lè fò ó, kó sì fi balẹ̀ sórí omi. Kì í ṣe fún eré. Alàgbà Àyàndélé tó ń gbé ní Magodo ló ní kó bá òun kọ́ ọ. Irú bàlúù bẹ́ẹ̀ kan rì nígbà tí alàgbà yìí ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, bàbá rẹ̀ sì bá a lọ. Bàbá náà ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn imú láti fi okùn so bàlúù mọ́lẹ̀ bó bá ti gúnlẹ̀, òun náà ló sì máa ń tì í kí wọ́n tó gbéra. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà ní ó gbàgbé láti kọ́ ilẹ̀kùn. Àwọn kan ní rárá, ìtì gẹdú kan ló léfòó sójú ọ̀nà, tí awakọ̀ ojú omi tó yẹ kó palẹ̀ ọ̀nà mọ́ kò rí i. Ẹjọ́ ilẹ̀kùn ló borí. Láti kékeré ni wọ́n ti ń pe Àyàndélé ní ọmọ ẹni tó ri bàlúù.

"Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè, Mutolib," ni alàgbà náà wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. "Ṣáà jẹ́ kí n mọ̀."

Mutolib ti mọ̀ báyìí. Ó ti gbé gẹdú sójú ọ̀nà, kékeré àti ńlá. Bàlúù náà á ta gìrì, ìdí rẹ̀ á lu, á wá rọra rì láti ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀, nínú fọ́tò kan ṣoṣo tí wọ́n yà láti etí omi lọ́jọ́ náà, ìrù ló wà lókè. Imú ló kọ́kọ́ wọlé. Ilẹ̀kùn ni.

Ọ̀sán yẹn gan-an ni alàgbà ń retí rẹ̀. Lará, ọmọ alàgbà, sì ti pè é lórí fóònù.

"Ọkàn Daddy ò lágbára mọ́. Ohunkóhun tó o bá fẹ́ sọ fún wọn, jọ̀ọ́, rọra sọ ọ́."

Ó jókòó pẹ́. Òjò ti ṣú láti apá ọ̀sà, yàrá náà dúdú, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń tàn. Níkẹyìn, ó ṣí ibi tí agbára irin ìdí bàlúù wà, ó dín in kù. Ó sún ìwúwo rẹ̀ síwájú díẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn imú, ó kọ́ ọ dáadáa, ó sì gbé gẹdú sọ́nà. Bàlúù náà balẹ̀, ó kọlu igi, imú rẹ̀ wọ omi, ìrù rẹ̀ gbéra. Ó bá fọ́tò náà mu gẹ́lẹ́.

Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra irọ́. Àmọ́ irọ́ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ńkọ́? Mutolib pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó gbé e, ó sì jáde.

Ní Magodo, ọlọ́dẹ ẹnu géètì jẹ́ kó wọlé láìbi í léèrè. Alàgbà ti jókòó sí pálọ̀ nínú aṣọ funfun. Mutolib so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá, ó gbé ọ̀pá ìtọ́kọ̀ sí alàgbà lọ́wọ́. Bàlúù náà sọ̀ kalẹ̀, ó sáré lórí omi, ó kọlu igi, ó sì rì.

"Ilẹ̀kùn ńkọ́?"

"Wọ́n kọ́ ọ, sà."

Alàgbà mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Inú Mutolib fẹ́ máa dùn.

"Lará," ni alàgbà wí, "ní kí wọ́n máa bọ̀."

Obìnrin àgbàlagbà kan jáde láti yàrá kejì, ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Clara nìyí. Bàbá rẹ̀ ló ń palẹ̀ ọ̀nà mọ́ fún bàlúù lọ́jọ́ náà. Mo fẹ́ kí òun náà fojú ara rẹ̀ rí i."

Mutolib kò ro ó rí pé awakọ̀ ojú omi yẹn lè bímọ.

Clara jókòó sórí àga tó kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n tún un ṣe lójú rẹ̀. Ó wò ó títí omi fi pa dé.

"Bàbá mi ló wọ́ òkú bàbá wọn jáde," ló wí, kò wo ẹnikẹ́ni. "Títí bàbá mi fi kú ni wọ́n ń sọ pé kò sí nǹkan kan lójú omi. Mo gbà wọ́n gbọ́." Ó wá yíjú sí Mutolib. "Ìwọ lo kọ́ ọ. Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

Alàgbà ń wò ó. Lará dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa," ni Clara wí. Ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. Alàgbà na ọwọ́ sí i, àmọ́ obìnrin náà kò rí i, tàbí kò fẹ́ rí i. Lará sìn ín jáde. Láìpẹ́, wọ́n gbọ́ tí ọkọ̀ rẹ̀ kọjá géètì.

Omijé dà lójú alàgbà. Ó di ọwọ́ Mutolib mú. "Bó o ṣe bo bàbá mi láṣìírí, Ọlọ́run ò ní dójú ti bàbá tìrẹ náà."

Mutolib la ẹnu láti ṣe àmín. Ó rí àga tí obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀. Ojú ibi tó jókòó sí ṣì tẹ̀ wọnú. Àmín náà ò jáde.