Ami Tí Kò Ní Àmì

1.

…ṣùgbọ́n kò fi àmì kankan sí i. Bí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń kọ Yorùbá. Bushrah, ọmọ ọmọ Ìyá Àgbà Ràmọ́tà, ló fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sórí fóònù:

*Iya Agba, won ti gba mi ni koleeji kekere kan l'Ogbomoso, leba adugbo Under G. Ise ami ni mo fe ko.*

2.

Do re mi ni tíṣà fi kọ́ Ìyá Àgbà níléèwé àgbà.

àmì: do do. Ohun tá a fi ń dá nǹkan mọ̀.
amí: re mi. Ẹni tó ń yọ́ ìlú onílùú wò.

Ìyá Àgbà mú do do. Ó ròyìn ẹ̀ yí gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ po.

3.

(Ní ṣọ́ọ̀bù Mùnírù onígbàjámọ̀.)

MÙNÍRÙ: Re mi ni o, Ìyá Àgbà! Amí! Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́!
ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹnu ẹ á bó.
MÙNÍRÙ: Wọ́n ń gboyè ẹ̀ báyìí. Ọdún mẹ́rin gbáko. Tí n bá tún fẹ́ bú ìjọba, màá kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín.
ÌYÁ ÀGBÀ: Wọ́n ń gboyè ohun tó fara sin?

Ìyá Àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wá àga, ó jókòó.

4.

Saifudeen: ọmọ Ìyá Àgbà, bàbá Bushrah. Ara tírélà ló máa ń yàwòrán sí. Búta pupa kékeré kan ló máa ń yà sígun iṣẹ́ rẹ̀ bí àmì ọwọ́, irú búta tí ìyá rẹ̀ fi ń ṣàlùwàlá.

Ó wọkọ̀ ní Sábó, l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ó ní Líbíà lòun ń lọ.

Ààwẹ̀ méjì ti kọjá. Fóònù rẹ̀ kò wọlé mọ́.

5.

Gbogbo ẹni tí Ìyá Àgbà bi ló ní: "Ó ń bọ̀."

6.

(Bushrah wálé Iléyá.)

ÌYÁ ÀGBÀ: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rí ohun tó pamọ́. Ọmọ mi dà?
BUSHRAH: Ìyá Àgbà…
ÌYÁ ÀGBÀ: Ó wà láyé?
BUSHRAH: Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ní ká máa pín in sí. Ohun tá a mọ̀. Ohun tá ò mọ̀. Ohun tá a rò. Ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀, ó ti fèélì nìyẹn.
ÌYÁ ÀGBÀ: Pín in fún mi.
BUSHRAH: A mọ̀ pé bàbá mi wọkọ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n wà láyé.
ÌYÁ ÀGBÀ: Èyí tó o rò ńkọ́?
BUSHRAH: Ohun tí mo rí ò tíì tó èyí tí n fi rò ó, mà.

7.

Orí Ìyá Àgbà wú.

Iléèwé wà tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ láti sọ pé *mi ò mọ̀*! Ó ti pẹ́ láyé, ó ti bá àwọn tó mọ gbogbo rẹ̀ pàdé. Kò sí èyí tó bọ̀wọ̀ fún un tó báyìí.

Ó bu ẹran lé tọmọ náà.

8.

Kò bi í ìdí tó fi yan iṣẹ́ náà.

9.

*Iya Agba, mo ri ami kan ni Sabo.
Mo mo: buta pupa ni, lara tirela to de lati Kano. Oda e si n dan.
Mi o mo: boya owo baba mi ni, abi ti omo ise won.
Mo n duro de dereba.
Mo ro:*

Kò kọ nǹkan kan tẹ̀ lé e.

10.

Ìyá Àgbà mú èédú, ó kọ ọ́ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí búta ń gbé.

a   m   i

Ó fa ìlà kan sórí a. Ìlà náà wá sísàlẹ̀: do. Ó fẹ́ fa èkejì sórí i. Ó dúró. Ó fà á.

à   m   ì

"Do do," ó wí fún ògiri.

11.

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo rò pé ọwọ́ ọmọ mi ni…